Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Lẹ́tà Gbẹ̀fẹ̀ lórí Yíyan Ìkòkò Oníná fún Oúnjẹ Ẹbí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá fẹ́ ra ìkòkò iná mànàmáná tí ó lè se onírúurú oúnjẹ ránṣẹ́ sí ilé. Kọ lẹ́tà sí i láti gbà á nímọ̀ràn lórí irú èyí tí ó yẹ kí ó rà.

1. Ohun tí ìbéèrè ń fẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́, ka ìbéèrè yìí lẹ́ẹ̀mejì kí o tó mú bírò. Ọ̀pọ̀ olùdánwò ni yóò rí ọ̀rọ̀ náà "ìkòkò", tí wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo iṣẹ́ tí ìkòkò lè ṣe bí ẹni tí ń polówó ọjà. Olùbéèrè kò béèrè ìyẹn. Ohun mẹ́ta ni ó fi sínú ìbéèrè rẹ̀: ẹni tí o ń kọ̀wé sí, èyí ni ẹ̀gbọ́n rẹ; ohun tí ó fẹ́ ṣe, èyí ni rírà; àti ohun tí ìwọ yóò ṣe fún un, èyí ni ìmọ̀ràn. Ẹni tí ó bá ń gba ènìyàn nímọ̀ràn gbọ́dọ̀ sọ èyí tí ó yẹ, kí ó sọ èyí tí kò yẹ, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Bí o bá kọ "Ẹ ra èyí tí ó dára" láìsọ ohun tí ó mú un dára, o kò tíì sọ nǹkan kan.

Rántí pẹ̀lú pé lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ ni èyí. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni ó ń ní, òun ni ti ẹni tí ń kọ lẹ́tà. Gbẹ̀fẹ̀ kò túmọ̀ sí àìbọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́: "ẹ" ni o ó máa fi bá a sọ̀rọ̀, o kò sì gbọdọ̀ pè é ní orúkọ.

2. Kíkó òótọ́ jọ

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, lo ìṣẹ́jú márùn-ún láti kọ àwọn òótọ́ tí o mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wo àpẹẹrẹ ohun tí o lè kó jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí:

(a) Ooru: Omi inú ìkòkò tí a kò dé pa kì í gbóná kọjá 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí ó ti wù kí iná pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí a bá dé e pa gbagba tí ooru kò rí ọ̀nà jáde, omi náà lè gbóná kọjá 110, oúnjẹ yóò sì tètè rọ̀. Denis Papin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣe irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1679.

(b) Ìkòkò ìrẹsì: Ní ọdún 1955 ni ilé-iṣẹ́ Toshiba ní ilẹ̀ Japan bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìkòkò ìrẹsì oníná tí ń pa ara rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà nínú ìrẹsì, ìsàlẹ̀ ìkòkò kì í gbóná ju 100 lọ. Bí omi bá ti gbẹ, ooru yóò fò sókè, ìkòkò yóò sì mọ̀ pé oúnjẹ ti jinná. Ọ̀pọ̀ nínú ìkòkò oníṣẹ́-púpọ̀ tí à ń rà lóde òní so ọgbọ́n (a) àti (b) pọ̀ ni.

(d) Iná: Iná ilẹ̀ wa jẹ́ 230 volt. Ohun èlò 1,000 watt tí ó bá ṣiṣẹ́ fún odindi wákàtí kan jẹ yúnìtì kan lórí mítà.

(e) Èéfín: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ènìyàn ni ó kú nítorí èéfín inú ilé, èyí tí ó ń wá láti inú igi, èédú, kẹrosíìnì àti irú wọn tí a fi ń dáná.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí o kó jọ ni ó gbọdọ̀ wọ inú lẹ́tà. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò ní fi Papin tàbí Toshiba ṣe ohunkóhun ní ọjà. Ohun tí yóò ràn án lọ́wọ́ láti yàn ni kí o mú. Fi ìyókù sílẹ̀.

3. Ìlapa èrò

(a) Ìkíni àti ìdí tí mo fi ń kọ̀wé.
(b) Irú iná tí ń dé ilé wa.
(d) Oúnjẹ tí à ń jẹ.
(e) Iye ènìyàn tí ń jẹun àti ìwọ̀n ìkòkò.
(ẹ) Ẹni tí yóò máa lò ó, àtúnṣe àti ìṣọ́ra.
(f) Ìkádìí: èyí tí mo fara mọ́.

Ṣàkíyèsí pé ilé ni ìlapa yìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ara ìkòkò. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wo ẹwà ìkòkò yóò ra ohun tí ilé kò lè lò.

4. Lẹ́tà àwòkọ́ṣe

Agboolé Bàbá Wa,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ṣé ara bàbá àwọn ọmọ le? Àwọn ọmọ náà ńkọ́? Àwa náà wà níhìn-ín, a dúpẹ́. Ìyá wa ní kí n kí yín. Ojú wọn tí ó ń pọ́n ti ń fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ikọ́ kò tíì fi wọ́n sílẹ̀, pàápàá ní ọjọ́ tí wọ́n bá fi igi tútù se ẹ̀wà.

Mo ka lẹ́tà yín sí wọn létí. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti sọ pé ìkòkò oníná tí ẹ rí ní bọ́tìnnì mẹ́rìnlá, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní, "Ṣé ọ̀kan nínú mẹ́rìnlá náà ń gúnyán?" Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dákẹ́, wọ́n sì ní kí n bẹ̀ yín kí ẹ má fi owó oṣù yín ṣòfò nítorí tiwọn. Èmi kò ní kí ẹ má rà á o. Èéfín yẹn kò dára fún Ìyá, mo sì fẹ́ kí ìkòkò náà dé. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni pé kí ẹ gbọ́ bí ilé ti rí kí ẹ tó dé ọjà.

Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ẹ kò ṣàì rántí ìkòkò ìrẹsì tí àbúrò Bàbá fi ránṣẹ́ sí wa láti Amẹ́ríkà. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí a kì í bọ iná tí òórùn jíjóná gba gbogbo ilé. Iná 120 volt ti ilẹ̀ wọn ni wọ́n ṣe é fún, 230 ti ilẹ̀ wa sì pa á. Nítorí náà, ẹ yí ìdí ìkòkò sókè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 220 sí 240 volt, ó bá wa mu. Bí ó bá jẹ́ 110 tàbí 120, ẹ fi sílẹ̀, kódà bí wọ́n bá fẹ́ ta á ní ọ̀pọ̀.

Ẹ wo àmì W náà níbẹ̀. Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí a ní nílé kò lè gbé 1,000 watt, ọ̀pọ̀ ìkòkò yìí sì tó bẹ́ẹ̀ tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná ìjọba nìkan ni a ó máa fi lò ó, ẹ sì mọ̀ pé iná tiwa kò rí bí ti yín. Ẹ kò ṣàì gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ jáde ní Ọ̀yẹ́ nítorí àìsí iná, tí ẹ̀mí sì bọ́ níbẹ̀. Nígbà mìíràn, láti aago mẹ́fà sí mẹ́jọ alẹ́ nìkan ni a ń rí i. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ ra èyí tí ń há ooru mọ́nú. Ẹ̀wà tí ń gbà wá ní wákàtí kan àbọ̀ lórí ààrò yóò jinná nínú rẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, a ó sì ti sọ̀ ọ́ kí iná tó lọ. Ìkòkò tí kò lè há ooru mọ́nú, ìrẹsì nìkan ni yóò bá wa sè.

Iná sì tún máa ń rẹ̀ wálẹ̀. Olùkọ́ wa ṣàlàyé pé bí 230 volt bá wálẹ̀ di 115, ooru ìkòkò kì í kù sí ìdajì, ìdámẹ́rin ni ó ń kù sí. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, ìkòkò oníná kò ní lè se nǹkan kan, ààrò ni a ó padà sí. Kí ẹ má ṣe rò pé ó jẹ́ àìmoore bí ẹ bá gbọ́ pé Ìyá ṣì ń ra igi.

Ní ti owó iná, kò tó ohun tí ó yẹ kí ó dẹ́rù bà yín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí àjọ NERC fi owó kún ti àwọn ìsọ̀rí A, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, 225 náírà ni wọ́n kéde fún yúnìtì kan. A kò sí ní ìsọ̀rí náà. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ fi iye yẹn ṣírò rẹ̀, ìkòkò 1,000 watt tí ó ṣiṣẹ́ fún ogójì ìṣẹ́jú kò ní jẹ ju 150 náírà lọ.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo oúnjẹ wa. Ẹ̀wà, ìrẹsì, iṣu, ọbẹ̀ àti ẹran ni à ń sè. Bọ́tìnnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wọn. Èyí tí wọ́n kọ àkàrà òyìnbó sí lára àti èyí tí ó wà fún wàrà kíkan, ojú lásán ni wọn yóò fi máa wò wá. Ìkòkò náà yóò se iṣu, ṣùgbọ́n odó ni yóò gún un; Èkìtì kò tíì fi iyán sílẹ̀ fún bọ́tìnnì. Yóò se ọ̀lẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú bí ó bá ní irin tí a lè tẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí ewé má baà wọnú omi. Àgbébọ̀ adìẹ tí eyín kì í ràn yóò rọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ a kò gbọdọ̀ ro àmàlà nínú rẹ̀ o. Ìkòkò inú rẹ̀ fúyẹ́, yóò máa bá ọmọrogùn yí, bí ó bá sì jẹ́ èyí tí a kùn ní dúdú nínú, ọmọrogùn yóò họ ọ́ dànù. Bí ẹ bá rí èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, òun ni kí ẹ mú.

Àwa mẹ́fà ni à ń jẹun nílé báyìí. Èyí tí ẹ rí yẹn, lítà mẹ́ta ni ẹ pè é. Ẹ̀gbọ́n mi, kò ní tó wa. Irú ìkòkò yìí kì í kún dé ẹnu: oúnjẹ kò gbọdọ̀ kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ̀wà àti ìrẹsì tí ń wú kò sì gbọdọ̀ kọjá ìdajì. Nínú lítà mẹ́ta, lítà kan àbọ̀ ni ẹ̀wà àti omi rẹ̀ yóò jẹ́. Àwọn ọmọdé yóò jẹ ẹ́ tán kí ó tó kan Bàbá. Lítà mẹ́fà ni ó bá wa mu.

Ohun tí ó kù ni ti ẹni tí yóò máa lò ó. Ìyá kì í ka èdè òyìnbó. Bí ẹ bá rí èyí tí a ń fi ọwọ́ yí bí ti aago, ó dára fún wọn ju èyí tí ń tan lẹ́tà wínníwínní lọ. Bí ó bá jẹ́ alábọ́tìnnì nìkan ni ẹ rí, ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà fi sí iná, kí ó yọ ọ́ lójijì, kí ó sì tún kì í bọ̀ ọ́. Òmíràn a máa rántí ibi tí ó dé, òmíràn a sì máa gbàgbé pátápátá. Ní ilé wa, ìyàtọ̀ yìí tóbi. Ẹ tún béèrè rọ́bà ẹnu ìdérí, kí ẹ ra ọ̀kan sí i, nítorí bí rọ́bà yẹn bá ti já, ìkòkò kò ní lè há ooru mọ́ mọ́.

Èmi ni n ó máa ṣọ́ ọ títí yóò fi mọ́ Ìyá lára. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tipátipá ṣí ìdérí kí ooru tó jáde tán. N kò sì ní jẹ́ kí a fi oúnjẹ sùn nínú rẹ̀ pé yóò máa gbóná, torí bí iná bá lọ lóru, oúnjẹ lè bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, bí kò tilẹ̀ rùn.

Ní àkótán, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi alábọ́tìnnì mẹ́rìnlá oní-lítà mẹ́ta yẹn sílẹ̀. Ẹ ra oní-lítà mẹ́fà tí ń há ooru mọ́nú, tí kò ní iṣẹ́ púpọ̀, tí ó jẹ́ 230 volt, tí kò sì ju 1,000 watt lọ. Bí owó bá ṣẹ́ kù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ kí a pe oníṣẹ́ iná. Ihò iná kan ṣoṣo tí ó wà ní ilé ìdáná ti ń gbóná bí a bá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, wáyà rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ìkòkò tí ó dára lórí wáyà tí kò dára, wàhálà ni.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí ẹ sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Ó dìgbà tí a bá fojú rinjú.

Èmi ni àbúrò yín,
(Orúkọ rẹ).

5. Àkíyèsí lórí lẹ́tà yìí

(a) Padà ka ìpín tí ó sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀n ìkòkò. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò sọ pé "ìkòkò náà kéré jù" kí ó sì dákẹ́. Ó sọ iye ẹni tí ń jẹun, ó sọ ibi tí oúnjẹ lè dé nínú ìkòkò, ó ṣírò ohun tí yóò kù, ó sì fi àbọ̀ rẹ̀ hàn lórí tábìlì. Báyìí ni a ń fi ìdí múlẹ̀ fún ìmọ̀ràn.

(b) Ó gbà pé ìkòkò oníná ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Olùdánwò tí ó bá yin nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a kì í gbà á gbọ́.

(d) "Ẹ" ni ó fi bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, "wọ́n" ni ó sì fi ń tọ́ka sí ìyá rẹ̀ jálẹ̀jálẹ̀. Bí o bá kọ "Ìyá wa ní kí n kí yín" ní òkè, tí o wá kọ "ó ń wúkọ́" ní ìsàlẹ̀, o ti ṣi ọ̀wọ̀ lò.

(e) Ṣọ́ àmì ohùn rẹ. Ìkòkò ni a fi ń se oúnjẹ. Ìkookò ni ẹranko búburú inú igbó. Ìkókó ni ọmọ tuntun. Olùdánwò tí kò bá fi àmì sí i lè se ọmọ tuntun lórí iná láìmọ̀! Bákan náà, àkọtọ́ òde-òní ti ọdún 1974 ni kí o máa lò: "ènìyàn" ni kí o kọ, kì í ṣe "ènìà"; "ayé" ni, kì í ṣe "aiye".

(ẹ) Lẹ́tà yìí gùn ju èyí tí o lè kọ nínú ìdánwò lọ, nítorí a fẹ́ kí o rí ọ̀nà púpọ̀. Iye ọ̀rọ̀ tí a bá ní kí o kọ ni kí o tẹ̀ lé. Bí àyè kò bá tó, mú iná, ìwọ̀n àti ìkádìí, kí o kọ wọ́n dáadáa. Ìdí méjì tí a ṣàlàyé yé ènìyàn sàn ju mẹ́fà tí a kàn dárúkọ lọ.

6. Iṣẹ́ ṣíṣe

(i) Lọ sí ilé ìdáná yín. Kọ iye ènìyàn tí ń jẹun, oúnjẹ márùn-ún tí ẹ ń sè jù lọ, àti wákàtí tí iná ń wà lójúmọ́. Fi wọ́n kọ lẹ́tà tìrẹ.

(ii) Ìkòkò 1,200 watt kan ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí. Yúnìtì mélòó ni ó jẹ? Fi ìdáhùn rẹ sínú gbólóhùn kan tí ìyá àgbà lè gbọ́ yé.

(iii) Kọ èsì tí ẹ̀gbọ́n náà lè kọ padà láti Ìbàdàn sí Ìkọ̀lé-Èkìtì, bí ó bá ṣe pé ó ti ra alábọ́tìnnì mẹ́rìnlá náà kí lẹ́tà tó dé. Ṣọ́ra: ẹ̀gbọ́n ni ó ń kọ̀wé sí àbúrò níhìn-ín, ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ yóò yí padà.